Bí ẹ ṣe lè dá water rail mọ̀ láìwọ inú irà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wá water rail, ẹyẹ kan tó ń fara pamọ́ sínú esùsú, lọ sí irà, moorhen, ẹyẹ irà mìíràn tó jọ ọ́, ni wọ́n rí bọ̀. Wọ́n á yí irà po láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú, wọ́n á gbọ́ ohun kan tó han bí ẹlẹ́dẹ̀ nínú esùsú, wọ́n á sáré débẹ̀, wọn ò ní bá ohunkóhun. Tàbí kí nǹkan dúdú kan ré kọjá fìrì, kí wọ́n yáa kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọ́n ti rí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹyẹ mìíràn pátápátá ni. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, bàtà tí omi irà bà jẹ́ sì wà nílé tó lè jẹ́rìí mi. Ohun tó wá là mí lójú ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó ń rìn kò lè rí ẹyẹ yìí. Etí ló máa kọ́kọ́ bá a pàdé, ìdí tó bá sì jókòó gbọin ló máa jẹ́ kí ojú rí i.

Rallus aquaticus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ó wà káàkiri Yúróòpù, ó wọ Éṣíà, ó sì dé àríwá Áfíríkà. Àwọn tó ń gbé lápá àríwá àti ìlà-oòrùn máa ń ṣí lọ nígbà òtútù, àwọn ti ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù kì í sábà kúrò níbi tí wọ́n wà. Tí irà kan bá wà nítòsí yín ní agbègbè wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kó ti máa wò yín tipẹ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àga kékeré tó ṣe é ká, tàbí ohunkóhun tí omi kì í wọ̀ tí ẹ lè fi ìdí lé. Mo fi í ṣe àkọ́kọ́ nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń fi sílé.
- Awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn olójú méjì. Èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 8 tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gbọ̀n lọ́wọ́, ibi tó ń fi hàn sì máa ń há.
- Bàtà rọ́bà tó ga dé ojúgun, àti aṣọ tí kì í dún. Aṣọ òjò tó ń ké ṣàràṣàrà nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé apá á lé ẹyẹ kí ẹ tó jókòó tán.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ pa ìró rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.
- Ìwé kékeré àti pẹ́ńsù. Omi máa ń pa yíǹkì rẹ́.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ fi sílé títí ẹ ó fi rí ẹyẹ náà dáadáa ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ń wá bọ́tìnnì kì í rí ìdí ẹyẹ, ìdí ẹyẹ yìí sì ṣe pàtàkì, a ó dé ibẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tó máa gbà kọjá

Ẹ má wá ẹyẹ, ẹ wá ọ̀nà rẹ̀. Water rail fẹ́ràn omi tí kò jìn, láàárín 5 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, tí esùsú tàbí koríko omi mìíràn ṣú bò, tí ẹrẹ̀ rírọ̀ sì wà níbẹ̀ tó lè ki àgógó bọ̀. Inú igbó esùsú ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n etí igbó náà ló ti sábà máa ń jẹun. Nítorí náà, àlàfo ni kí ẹ máa wá: ibi tí igbó esùsú méjì ti dojú kọra, tí ẹrẹ̀ tàbí omi pẹlẹbẹ wà láàárín wọn. Ibi tí wọ́n ti gé esùsú dára. Ẹnu kòtò tí omi ń gbà wọ irà náà dára.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ lè rí ọ̀nà tóóró nídìí esùsú, bí ọ̀nà tí eku ń tọ̀. Ẹ wo ẹrẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà: ipasẹ̀ ẹyẹ yìí ní ìka gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti moorhen jọ ọ́, ó kàn tóbi jù ú lọ ni, nítorí náà ẹ má fi ipasẹ̀ nìkan búra.

Ẹ jókòó sí bí ìṣísẹ̀ 20 sí 30 sí àlàfo náà, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Bí oòrùn bá dojú kọ yín, gbogbo ẹyẹ irà ló máa dà bí èédú.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má wọ inú esùsú. Ìtẹ́ lè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ sì ni esùsú tó ti wó lulẹ̀ lè bo ibi tó jìn mọ́lẹ̀ bí ẹní. Irà kì í sọ jíjìn rẹ̀ fún àlejò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Láìdìde, láìyí ọrùn, ṣé ẹ rí àlàfo náà láti etí kan dé èkejì? Bí ẹyẹ tó tóbi tó àparò bá gba ibẹ̀ kọjá, ṣé ẹ máa rí ìṣísẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sún àga.

Ìpele 2: Ẹ mú àkókò

Òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Ní ti ọdún, ó kù sọ́wọ́ ohun tí ẹ ń wá. Tó bá jẹ́ ohùn, ẹ lọ nígbà ìrúwé, nígbà tí wọ́n ń wá aya wá ọkọ. Tó bá jẹ́ ojú, ẹ lọ nígbà òtútù líle. Bí omi irà bá dì, ẹrẹ̀ á le bí òkúta, àgógó ò ní wọlé mọ́, ebi á sì lé ẹyẹ náà jáde lọ sí ibi tí omi ṣì ti ń ṣàn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kòtò kékeré kan tí omi rẹ̀ kò dì sàn ju odindi irà lọ.

Àkókò tó burú jù ni kété lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́ ọmọ tán. Wọ́n máa ń bọ́ ìyẹ́ wọn dà sílẹ̀ nígbà náà, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn ò sì lè fò rárá. Ẹyẹ tí kò lè fò kò ní wá jó níwájú yín.

Ìpele 3: Ẹ jẹ́ kí irà gbàgbé yín

Nígbà tí ẹ bá dé, irà á dákẹ́ wẹ́lo. Kì í ṣe pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń ṣọ́.

Ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún jíjókòó lásán. Ẹ gbé ìgúnpá lé orúnkún, kí awò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n yín, kó má jẹ́ pé ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e láti ilẹ̀ nígbà tí ẹyẹ bá yọ. Ohun tí ẹyẹ yìí ń sá fún ni ọwọ́ tó ṣàdédé gbéra. Ènìyàn tó jókòó láìmira ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, bí kùkùté ló rí.

*Ìkìlọ̀:* Ní bí ìṣẹ́jú 25, ọkàn yín á sọ fún yín pé ibi tí ẹ yàn kò dáa, pé ẹ̀yìn esùsú tó wà lọ́hùn-ún ló wà. Gbogbo wa ni ọkàn wa máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Tí ẹ bá dìde, aago tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Àwọn ẹyẹ kéékèèké inú esùsú ti padà sẹ́nu ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí moorhen bá gba iwájú yín kọjá tí kò bojú wò yín, irà ti gbà yín.

Ìpele 4: Ẹ fi etí rí i

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ water rail tí ẹ máa bá pàdé láyé yín, ohùn wọn nìkan lẹ máa mọ̀, ẹ ò sì pàdánù nǹkan kan, nítorí ohùn náà kò jọ ti ẹlòmíràn.

Igbe rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ní apá mẹ́ta. Á kọ́kọ́ kùn, hùn, hùn, bí ìgbà tí ikùn ẹlẹ́dẹ̀ bá ń ru. Lẹ́yìn náà á han gooro, igbe ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fà lẹ́sẹ̀ gan-an, tó máa mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí dìde kó fẹ́ lọ gba nǹkan sílẹ̀. Á wá rọlẹ̀, á parí pẹ̀lú kíkùn mìíràn. Òun ló fi ń sọ pé ibí yìí tèmi ni, òun náà ló fi ń kìlọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Tọkọtaya lè máa gbe e láàárín ara wọn: ohùn akọ máa ń wálẹ̀, ó sì máa ń fà díẹ̀ ju ti abo lọ. Bí ọ̀kan bá ké, èyí tó wà lódìkejì lè dá a lóhùn, òmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí gbogbo irà tó dákẹ́ padà. Ẹ má kà wọ́n ní ìgbà yẹn, ẹ kàn gbọ́.

Ohùn kejì ni ti ìfẹ́: tík, tík, tík, tík, gbẹrẹfu, bí ẹni tó ń fi èékánná kan ìgò. Ó lè ṣe é fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi. Akọ ń ṣe é, abo náà ń ṣe é, àmọ́ ti abo sábà máa ń parí pẹ̀lú ohùn kan tó gbọ̀n rírírí. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé kòkòrò ni.

Àwọn tí etí máa ń ṣì gbọ́ nìyí. Moorhen máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kúrúúk, bí ìgbà tí nǹkan há a lọ́fun, á dákẹ́. Kò ní kíkùn ṣáájú, kò sì ní kíkùn lẹ́yìn. Spotted crake, ẹyẹ irà kékeré kan, máa ń ké lóru, huít, huít, huít, ẹyọ kan ní bí ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹgba tí wọ́n ń na afẹ́fẹ́. Ti ọ̀pọ̀lọ́ kò ṣòro: bí ẹ bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gìdì, gbogbo wọn á pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti ké wàyí, ẹ fẹ́ mọ ibi tó wà. Ẹ nawọ́ sí ibi tí ohùn ti wá, kí ẹ mú àmì kan ní ọ̀gangan ibẹ̀: igi, òpó, esùsú kan tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fà á ní ìlà sínú ìwé yín. Ẹ wá dìde pẹ̀lẹ́, ẹ rin bí ìṣísẹ̀ 30 ní etí irà, kí ẹ tún jókòó. Tó bá tún ké, ẹ nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fa ìlà kejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gé ara wọn ló wà. Bó bá gbà tó ìṣẹ́jú 10 kó tó ké lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ó ti lè rìn.

*Ìkìlọ̀:* Àwọn kan máa ń fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ yìí sáfẹ́fẹ́ kó lè jáde wá jà. Ó máa ń jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹyẹ kan fi ẹyin tàbí ọmọ sílẹ̀, ó ń wá ọ̀tá tí kò sí kiri, gbogbo ẹranko tó ń dọdẹ rẹ̀ sì ń rí i. Àwọn tó ń ka ẹyẹ fún ìwádìí máa ń lò ó, wọ́n ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin ò nílò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń yé ẹyin tàbí tọ́ ọmọ, mo kà á sí ìwà ìkà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Tí ẹ bá délé, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀. Ṣé kíkùn wà ṣáájú igbe? Ṣé ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Bí igbe nìkan bá wà, ẹ kọ "bóyá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò

Ẹyẹ náà kì í dúró fún ẹnikẹ́ni láti wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ ní láti ti mọ ètò tí ẹ máa fi wò ó kó tó yọ. Ètò tèmi nìyí: àgógó, ìdí, ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ìyókù tí ààyè bá wà.

*Àgógó.* Ó gùn, ó pupa, ó tẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀. Nínú àwọn ẹyẹ irà tó jọ ọ́ ní Yúróòpù, òun nìkan ló ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àgógó gígùn pupa, ẹ lè mí.

*Ìdí.* Bó ṣe ń rìn ló ń ta ìrù sókè, pàtì, pàtì, abẹ́ ìrù náà sì funfun. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣe balẹ̀ tó ni títa náà ṣe máa yá tó. Ìdí rẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn wọlé, òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi jẹ́ pé ìdí nìkan ni wọ́n mọ̀.

*Ẹ̀gbẹ́.* Ìlà dúdú, ìlà funfun, ìlà dúdú, ìlà funfun, títí dé itan.

*Ìyókù.* Ojú, ọrùn àti àyà ní àwọ̀ eérú tó ń fà sí ti aṣọ aró tó ti ṣá. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ tí wọ́n fi èédú fà ní ìlà ìlà. Ẹyinjú rẹ̀ pupa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 23 sí 28 sẹ̀ǹtímítà. Akọ sábà máa ń wọn gíráàmù 114 sí 164, abo 92 sí 107. Yàtọ̀ sí pé abo kéré díẹ̀, tí àgógó rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti akọ lọ, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti ya wọ́n sọ́tọ̀ bí wọn ò bá dúró pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Òwúrọ̀ òtútù kan ni, èémí mi ń ṣe èéfín. Orí kan yọ láti inú esùsú lápá òsì, orí nìkan, omi ẹrẹ̀ kán tóó kan rọ̀ sí ṣóńṣó àgógó rẹ̀ tí kò já bọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó dá a dúró, àwọn ìka gígùn yẹn sì ká jọ bí ẹni di ọwọ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ìka tú. Ìrù ta, funfun hàn, ó tún pamọ́. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin, ó ki àgógó bọ ẹrẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi kan ojú rẹ̀, ó fa ekòló kan yọ, ekòló náà ń fà gùn bí rọ́bà kó tó já wá. Ó gbé e mì. Ó sáré mẹ́ta, ó wọlé lápá ọ̀tún. Ewé kan ò mì. Mi ò tíì ka mẹ́wàá láti ìgbà tí orí ti yọ.

*Ìkìlọ̀:* Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ funfun, ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ilẹ̀, abẹ́ ìrù rẹ̀ kò funfun tó ti àgbà, àgógó rẹ̀ kò sì tíì mọ́ ní pupa. Gígùn àgógó náà ni kí ẹ dì mú nígbà náà.

Ìpele 6: Ẹ fi ẹ̀rí lé àwọn yòókù jáde

Kì í ṣe pé ẹ gbà á gbọ́ ni iṣẹ́ parí. Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí kì í fi í ṣe ẹyẹ mìíràn.

Moorhen ni ẹlẹ́tàn àgbà. Òun náà máa ń ta ìrù, òun náà ní funfun lábẹ́ rẹ̀, òun náà ní pupa lójú. Ṣùgbọ́n funfun tirẹ̀ pín sí méjì, dúdú kan là á láàárín. Ìlà funfun kan ṣoṣo ló fà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgógó rẹ̀ kúrú, ó pupa dé iwájú orí, ṣóńṣó rẹ̀ sì yẹ́lò. Ó tún tóbi jù ú lọ, ó máa ń tó 32 sí 35 sẹ̀ǹtímítà. Ọmọ moorhen tó ti ń dàgbà ló ti kó ìtìjú bá mi jù: àwọ̀ ilẹ̀ lásán, kò ní pupa kankan. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà níwájú ènìyàn mẹ́rin rí pé water rail ni, ó sì yíjú padà pẹ̀lú àgógó kúkúrú rẹ̀.

Spotted crake kéré, àgógó rẹ̀ kúrú, ó yẹ́lò, pupa díẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Ara rẹ̀ kún fún tóótòòtó funfun bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i. Little crake àti Baillon's crake tún kéré jù ú lọ, ológoṣẹ́ ńlá ni ẹ máa pè wọ́n. Àgógó wọn kúrú bákan náà.

Snipe, ẹyẹ irà mìíràn, ní àgógó gígùn, ṣùgbọ́n ó tọ́ gbọọrọ, kò pupa. Bí ẹyẹ kan bá fò sókè lójijì pẹ̀lú igbe, tó ń gba ọ̀tún gba òsì lójú ọ̀run, snipe lẹ lé dìde. Water rail kì í sábà fò. Tó bá fò, kì í lọ jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ̀ dirodiro, á sì já bọ́ padà sínú esùsú bí ẹrù tó jábọ́ lórí. Ẹ wò ó, irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rin ìrìn àjò òru láti ilẹ̀ kan dé òmíràn.

Ẹni tó bá wà ní ìlà-oòrùn Éṣíà ní láti wo ojú ẹyẹ náà dáadáa. Èyí tó wà níbẹ̀ ní ìlà àwọ̀ ilẹ̀ tó la ojú rẹ̀ kọjá, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ báyìí, Rallus indicus lorúkọ tirẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ gbólóhùn yìí kí ẹ sì parí rẹ̀: "Kì í ṣe moorhen nítorí pé…" Bí ohun tó máa tẹ̀ lé e bá jẹ́ "nítorí mo mọ̀", ẹ padà sí ìpele 5.

Ìpele 7: Ẹ ka ohun tó ń ṣe

Ẹyẹ yìí ní ọ̀nà tó máa ń tọ̀, ó sì máa ń padà síbi tó ti rí jẹ. Àṣìṣe tó dùn mí jù nínú ti àwọn ẹlòmíràn nìyí: wọ́n rí i, inú wọn dùn, wọ́n dìde. Ẹ jókòó sí i. Bó bá ti gba àlàfo yẹn kọjá lọ sápá ọ̀tún, ẹ máa ṣọ́ apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ló ti máa yọ padà.

Ẹ wo esùsú náà. Ara ẹyẹ yìí rí pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ méjì tẹ̀ ẹ́, ó sì ń yọ́ gba àárín igi esùsú méjì láìkàn wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá rí esùsú tó ń mì jìgìjìgì, moorhen tàbí coot, ẹyẹ omi mìíràn, ló sábà máa ń jẹ́. Tiwa kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀.

Ohun tó ń jẹ pọ̀: ekòló, kòkòrò omi, ìgbín, ẹja wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké, koríko àti èso nígbà tí òtútù bá dé. Yóò jẹ òkú ẹran. Bí ebi bá sì pa á gan-an, ó lè pa ẹyẹ kékeré: á fi àgógó gún un, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ sómi títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní pè é ní ojo mọ́. Ìpamọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù, ọgbọ́n ọdẹ ni.

Ìpele 8: Bí ẹ bá ṣèèṣì dé ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́

Ìtẹ́ rẹ̀ wà nínú esùsú, ó ga díẹ̀ sí omi. Ẹyin 6 sí 11 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, bàbá àti ìyá ló ń sàba lé e, ó sì máa ń gba ọjọ́ 19 sí 22. Ọmọ dúdú kirikiri, àgógó wọn nìkan ló funfun. Ti moorhen náà dúdú, ṣùgbọ́n pupa wà lẹ́nu wọn.

Àmì pé ẹ ti sún mọ́ ọn jù: ẹyẹ tó máa ń sá fún yín ń yí yín po nínú esùsú, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀, kò sì lọ. Ẹ má wá ìtẹ́ náà. Ẹ gba ọ̀nà tí ẹ gbà wá padà lọ́gán. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí ibẹ̀ mọ́, ó lè fi ẹnu gbé àwọn ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ síbòmíràn, gbogbo ìrìn yẹn sì jẹ́ ewu fún wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ti jìnnà tó nígbà tí kíkùn náà bá dáwọ́ dúró. Ẹ fi ìṣísẹ̀ 20 mìíràn kún un.

Ìpele 9: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dìde

Ọjọ́, wákàtí, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí. Bóyá ẹ gbọ́ ọ ni tàbí ẹ rí i. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ láé. Ohùn wo ni, ìgbà mélòó, láti ọ̀gangan ibo. Nínú àgógó, ìdí àti ẹ̀gbẹ́, èwo lẹ fi ojú ara yín rí?

Ẹ wá kọ bí omi ṣe jìn tó. Àwọn ènìyàn máa ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló lè ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi gbọ́ mẹ́ta lọ́dún yìí tí ẹ ò gbọ́ kankan lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Iceland, ẹyẹ yìí ti ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fa omi kúrò nínú irà, ẹranko mink tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà sì ń pa wọ́n jẹ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1965, wọ́n ti tán. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún níbi tí ẹ ń jókòó sí, ìwé yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ri igi kan tí ẹ ti fi sẹ̀ǹtímítà sàmì sí mọ́ etí irà, ní ibi tí ọwọ́ yín lè dé láti orí àga, kí ẹ máa kà á nígbàkúùgbà tí ẹ bá lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fún ẹnì kan tí kò bá yín lọ ní ìwé náà. Bó bá lè rin lọ sí irà yẹn, kó jókòó sójú ibi tí ẹ jókòó sí gan-an, kó sì nawọ́ sí esùsú tí ohùn ti wá, ó ti tọ́.